Mo Pè É Ní Ibà: Ìgbà Òtútù Mẹ́ta Tí Mo Lò ní Aberdeen

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mi ló rà á fún mi ní Dùgbẹ̀ kí n tó kúrò n'Íbàdàn. Wọ́n dì í pọ̀ mọ́ Panadol àti Ampiclox nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n sì ní kí n má ṣe jẹ́ kí ó tán lọ́wọ́ mi. Ara mi kò gbóná, èébì kò gbé mi, ẹnu mi kò korò. Ṣùgbọ́n gbogbo egungun ló ń ro mí. Itan mi wúwo bíi ti ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun Òkè Àrẹ. Bí mo bá sun wákàtí mẹ́wàá, ńṣe ni mo ń jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun. Nílé wa, bí ara bá ti ń ro èèyàn bẹ́ẹ̀, ibà lorúkọ tó ń jẹ́. Mo lo ti àkọ́kọ́, kò ṣiṣẹ́. Mo ní bóyá ayédèrú ni, mo tún lo òmíràn.

Aberdeen là ń gbé, ní àríwá ìlà-oòrùn Scotland, létí Òkun Àríwá. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà dé síbẹ̀. Ọkọ mi wá kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Èmi rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ tí gbogbo wa níbí ń pè ní kíà. Ilé-dé-ilé ni tèmi. Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa ń jáde, bọ́ọ̀sì díẹ̀, ẹsẹ̀ púpọ̀: n óò wẹ ẹni kan, n óò fún ẹni kejì ní oògùn, n óò se ọ́ọ̀tì fún ẹni kẹta, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Gbogbo ẹni tó ṣáájú wa dé ló kìlọ̀ òtútù fún wa. Wọ́n ní kí a ra jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí a ra ìbọ̀wọ́, kí a má ṣe jáde láìbo etí. A rà á, a wọ̀ ọ́. Kò sí ẹnì kan tó bá mi sọ̀rọ̀ òkùnkùn.

N'Íbàdàn, lóṣù kejìlá tí ojúmọmọ kúrú jù lọ, oòrùn ṣì máa ń wà lójú ọ̀run fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá ó dín díẹ̀. Ní Aberdeen, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, oòrùn yóò yọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 15, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán tó lù. Kò pé wákàtí méje. Ìwọ̀nba tó yọ náà kò gun òkè. Òrùlé ilé ló máa ń rá pálá gbà kọjá, tí òjìji ẹni yóò gùn gbọọrọ lọ́sàn-án gangan bíi ti ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tí wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ni mo ti ń jáde nínú òkùnkùn, tí mo sì ń wọlé nínú òkùnkùn. Òkúta líle aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé ìlú náà. Bí òjò bá ń ta sílẹ̀ wínníwínní, ọ̀run, ilé àti títì á di àwọ̀ kan náà.

Lọ́jọ́ tí n kò bá níṣẹ́, mo rò pé mò ń tọ́jú ara mi ni. N óò fa kọ́tìnnì, n óò tan hítà, n óò wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú fóònù. Òtútù ni mò ń sá fún, n kò mọ̀ pé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí mo lè rí náà ni mò ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta. Ẹ̀bà aago mẹ́wàá alẹ́ di àṣà, nítorí pé ohun tó bá wúwo nínú, tàbí tó bá dùn bí ṣúgà, nìkan lọkàn mi ń fẹ́. Kí oṣù kejì tó parí, mo ti fi kílò méje kún ìwọ̀n mi. Ọmọ mi á ní kí n wá bá òun ṣeré, n óò ní kó jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ó dé ọjọ́ kan tí kò bi mí mọ́, ó kàn lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ó ń rẹ̀ mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ẹnìkan ń wò ọ́ láti ilé?" Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi. N kò ní fi ààwẹ̀ ìyá mi ṣe ohun kékeré láé. Ṣùgbọ́n àǹtí kan nínú ìjọ wa, nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ nílùú yìí, ló kíyè sí bí mo ṣe ń di ọwọ́ mú àga kí n tó dìde lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n fà mí sẹ́yìn.

"Ìyá ọmọ, kí ló ń ṣe ọ́ lórúnkún?"

"Ẹ̀gbọ́n, ara ló ń ro mí. Mo ti lo oògùn ibà o."

"Láti oṣù kẹsàn-án tí o ti dé, ṣé ara rẹ gbóná rí? Ṣé òtútù mú ọ bí ẹni tó ń gbọ̀n?"

"Rárá, mà."

"Lọ bá dókítà rẹ. Ní kí wọ́n yẹ fítámì D wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ."

Kí n tó tẹ̀síwájú: bí ìwọ tó ń kà á bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé láàárín oṣù mélòó kan, tí ara rẹ sì gbóná, má ṣe fi ọ̀rọ̀ tèmi tú ara rẹ nínú. Ibà lè bá èèyàn wọ bàálù. Lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì sọ ibi tí o ti ń bọ̀ fún wọn. Ohun tí mo ṣe, tí mo ń fi oògùn dán ara mi wò nínú iyàrá láìṣe àyẹ̀wò kankan, kò dára.

Àbájáde àyẹ̀wò náà dé: fítámì D mi lọ sílẹ̀ púpọ̀. Dókítà ṣàlàyé, ó sì yé mi yékéyéké. Awọ ara wa ló ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe fítámì yìí, òun ló sì ń jẹ́ kí ara lè lo káṣíọ̀mù tó ń mú egungun le, tó sì ń jẹ́ kí iṣan lágbára. Láti oṣù kẹwàá títí di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ilẹ̀ Bírítéènì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kò fi tó nǹkan. Àwa aláwọ̀ dúdú sì nílò oòrùn ju aláwọ̀ funfun lọ kí awọ wa tó ṣe ìwọ̀n kan náà, nítorí pé dúdú ara wa jẹ́ ààbò lọ́wọ́ oòrùn ilẹ̀ wa. Ààbò kan náà ló wá ń dí oòrùn tí kò tó lọ́wọ́ níbí. Ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí gbogbo àgbà ronú láti máa lo màíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí ẹni tó bá dúdú bíi tiwa sì ronú láti máa lò ó yípo ọdún. Mo ti rí ìwé ìkéde yìí lára ògiri rí, n kò kà á sí ọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé fítámì jẹ́ ti àwọn tó ń wá ẹwà.

Wọ́n fún mi ní èyí tó lágbára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà mo bọ́ sórí 10 ojoojúmọ́. N kò san kọ́bọ̀, nítorí pé ní Scotland, wọn kì í gba owó lórí oògùn tí dókítà bá kọ. Ó tó bí oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé ìrora náà ti lọ. Mo gun àtẹ̀gùn ilé kan, mo dé òkè, mo rántí pé n kò di irin mú.

Síbẹ̀, oògùn yìí kò ṣe gbogbo iṣẹ́. Egungun mi fúyẹ́, ọkàn mi ṣì wúwo. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa gbọ́, nítorí pé a kì í sọ ọ́. Bí ọkùnrin bá wà nínú rẹ̀, a ó ní ó ya ọ̀lẹ. Bí obìnrin ni, a ó ní kò mọ ọpẹ́ dá, ó dé òkè òkun tán, ó tún ń sunkún. Àìsàn yìí lórúkọ. Seasonal affective disorder ni wọ́n ń pè é, ìbànújẹ́ ọkàn tó ń bá àsìkò rìn. Norman Rosenthal, dókítà ọpọlọ, ló ṣáájú àwọn tó kọ ìwádìí nípa rẹ̀ ní ọdún 1984, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ South Africa ni, ilẹ̀ tí oòrùn pọ̀ sí. Nígbà tó ṣí lọ sí New York ló kíyè sí i pé agbára òun ń lọ sílẹ̀ nígbà òtútù, tó sì ń padà nígbà tí ojúmọmọ bá ń gùn. Nígbà tí mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó kúrò nílẹ̀ Áfíríkà bíi tèmi, tí òkùnkùn ibòmíràn bá a jà bó ṣe bá mi jà, tó sì wá ìdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ẹni tó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé nínú òkùnkùn kò ka ìwé kankan nípa rẹ̀. Màmá kan ni wọ́n, wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 91 nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Màmá ni mo ń pè wọ́n níhìn-ín, nítorí pé ẹnu mi kò gbà á láti pe àgbà lórúkọ, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lágbègbè Torry ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ẹja nígbà èwe wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ la ẹja nínú omi yìnyín láti òwúrọ̀ kùtù. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá máa ń fẹ́ tí mo bá wọlé ni pé kí n ṣí kọ́tìnnì, ṣáájú tíì, ṣáájú ìwẹ̀. Àga wọn ní kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀: òwúrọ̀, ojú fèrèsé iwájú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a ó tì í lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń tẹ̀lé oòrùn kiri inú ilé bí adìyẹ ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó di àgbàdo lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá dágùdẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ni "dreich", mo sì ti yá a lò nínú ilé mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń dún bí òjò tí kò fẹ́ dá. Ṣùgbọ́n dreich tàbí kì í ṣe dreich, wọ́n á ní kí n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn kí a dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní, "Màmá, òtútù wà níta." Wọ́n ní òtútù ni a wọ kóòtù fún.

Mo gbé gbólóhùn yẹn lọ sílé. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni mo ti ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn níta lójoojúmọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìbáà ṣe láàárín ilé oníbàárà kan sí èkejì. Dípò kí n wọ bọ́ọ̀sì ibùdó mẹ́ta, n óò fẹsẹ̀ rìn ín. Nínú ilé tí a tan iná sí, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú wa kì í sábà ju 500 lọ lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní lux. Níta, lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo gbogbo ọ̀run, ó lè ju 1,000 lọ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, kí ó dá ohun tó ń mú oorun wá dúró. Nígbà òtútù kejì, mo ra iná kan tó jẹ́ 10,000 lux. Mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí mo bá ń jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, láìtẹjú mọ́ ọn. Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tó ń lo oògùn fún ọpọlọ, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ló gba ipò ẹ̀bà alẹ́. Mo ń jẹun kí aago mẹ́jọ tó lù, bí iṣẹ́ bá sì máa pẹ́, mo ń gbé oúnjẹ dání nínú fúláàsì. Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni ẹja. Ẹja Titus tí a ń dín jẹ nílé, mákẹ́rẹ́lì ni, ó sì wà nínú ìwọ̀nba oúnjẹ tí fítámì D pọ̀ nínú rẹ̀, òun àti sàdín. Peterhead, ibùdókọ̀ ẹja ńlá, kò jìnnà sí wa. Nítorí náà, ohun tí a ń rà ní dídì gbagidi ní Bódìjà, tútù yọ̀yọ̀ ni mo ń rà á níbí. Ọbẹ̀ ata rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fìnrín gbígbẹ tí ìyá mi fi ránṣẹ́, ló ń ṣí mi nímú nígbà ọ̀fìnkìn. Màmá sọ pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ni ìyá tiwọn máa ń fi ṣíbí rọ sí wọn lẹ́nu ní gbogbo ìgbà òtútù. Mo ní wọ́n rọ ọ́ sí tèmi náà n'Íbàdàn, inú ìgò Seven Seas. A jọ ya ẹnu wa gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń yà á. Ṣùgbọ́n aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí fítámì A inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn aya yín.

Òtútù fúnra rẹ̀, mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn sàn ju jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan lọ, kí èyí tó kan ara má sì ṣe jẹ́ òwú lásán, nítorí òwú máa ń mu òógùn, yóò sì tutù mọ́ni lára bí ẹni tí wọ́n da omi lù. Fún awọ ara, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Ọmọ tó bá ti rí ọyẹ́ ti mọ òrí. Mo ń fi òrí pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán, n kò sì wẹ omi gbígbóná pẹ́ mọ́, nítorí ó ń bọ́ epo ara dànù.

Mo tún kọ́ ẹ̀kọ́ kan lára ọmọ. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́, ikọ́ kò kúrò láyà rẹ̀. A ń sá aṣọ tútù sórí hítà nínú yàrá, a kì í ṣí fèrèsé rárá kí ooru má baà jáde. Ọ̀rinrin di omi lára gíláàsì, nǹkan dúdú bí èéfín sì ń hù lára ògiri lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀. A fọ̀ ọ́ kúrò, a gbé ibùsùn kúrò lára ògiri, a sì ń ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ báyìí, bí yìnyín tilẹ̀ ń bọ́. Ikọ́ náà dẹwọ́. Owó iná dùn wá, a ń san án ṣáájú lórí mítà, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí yàrá ọmọ tutù ju ìwọ̀n 18 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Abẹ́rẹ́ fúlù, mo gbà á láti ọdún 2023, nítorí àwọn arúgbó tí mò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ampiclox inú ọ̀rá dúdú ńkọ́? Mo dá a padà fún ilé ìpoògùn kí wọ́n bá mi dà á nù. Kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀fìnkìn tàbí fúlù, kòkòrò mìíràn ló wà fún.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, mo ṣubú. Aago méje òwúrọ̀, omi ti dì lórí pépé títì, ó ń dán, kò ní àwọ̀. Ọrùn ọwọ́ mi wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ra irin eléyín kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, mo sì ń tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí mo bá ń rìn, ìṣísẹ̀ kúkúrú.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ibi lọ nílùú yìí: Duthie Park, lẹ́bàá odò Dee. Ilé gíláàsì ńlá wà nínú ọgbà náà, wọn kì í gba owó ìwọlé. Bí èèyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn, gíláàsì ojú á ṣú, ooru ọlọ́rinrin á sì bò ó lára bíi ti ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá n'Íbàdàn. Ewéko ilẹ̀ olóoru ló kún ibẹ̀, àti oríṣiríṣi ọrọ́, ẹlẹ́gùn-ún gígùn, ẹlẹ́gùn-ún kúkúrú. Ọjọ́ Sátidé ni à ń lọ. Ọmọ mi á sáré síwájú, á máa ka ọrọ́ lédè Yorùbá, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí yóò fi ṣì í. Ìyá mi pè lórí fídíò ní oṣù kìíní ọdún 2025 nígbà tí a wà níbẹ̀. Ọyẹ́ ń jà níwájú ilé wọn, ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n ní, "Ṣé o ti wálé ni? Ewé wo nìyẹn?" Mo yí fóònù sókè kí wọ́n lè rí yìnyín lórí gíláàsì òrùlé.

Màmá ti di ẹni ọdún 93 báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí àkókò mi padà sí ọ̀sán. Mo débẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, mo fẹ́ bọ́ kóòtù, Màmá na ọwọ́ sí fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, ó sì ń tan sára ògiri òkúta ilé òdìkejì, tí gbogbo rẹ̀ ń kọ mànà bí iyọ̀. Mo ti àga wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn, mo sì dúró tì wọ́n títí ó fi wọ̀.